Kí Ẹ Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Sọ Nù

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ohun kan tí ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá púpọ̀ nínú wa: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a rà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ó ṣì ń tàn, tí ó ṣì ń tẹ ìwé jáde, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ọjọ́ òun ti pé. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ka ìkìlọ̀ náà bí ẹni tí ó gba ìwé ikú. Àwọn mìíràn ti lọ gba kọ̀ǹpútà tuntun ní àwìn, wọ́n sì ń san gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹ̀yin tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ẹbí ni mí, ilé àwọn ènìyàn sì ni mo máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń rí ni pé iṣẹ́ ilé-ìwé ti kó lọ sórí kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ a ṣe é níbẹ̀, máàkì rẹ̀ a sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà a máa dúró de fóònù ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá lọ ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, fóònù bá a lọ nìyẹn. Ọmọ a wá máa fi àtàǹpàkò tẹ àròkọ olójú-ìwé mẹ́ta ní ìdájí, kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí kò bàjẹ́ wà ní yàrá kejì, tí wọ́n fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálámù.

KÍ NI Ó ṢE KỌ̀ǸPÚTÀ NÁÀ?

Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Ara rẹ̀ ni irin àti wáyà tí a ń fi ojú rí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ètò ìdarí, èyí tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo ara náà, tí ó ń mọ̀ pé a tẹ bọ́tìnnì, tí ó ń gbé àwòrán jáde, tí ó sì ń tọ́jú fáìlì sí àyè rẹ̀. Nínú ilé púpọ̀, Windows tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe ni ètò ìdarí yìí.

Windows 10 jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, èyí tí wọ́n fi sí ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ń béèrè ohun èlò ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà irú èyí tí ó jáde láti nǹkan bí ọdún 2017 tàbí 2018 síwájú. Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà yín ní ọdún 2014, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ dópin kò ní kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìgbà ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ibi tí ògiri ti lanu nínú ètò ìdarí. Àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni amọ̀ tí a fi ń dí i. Bí amọ̀ bá tán, ògiri yóò máa lanu lọ.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ètò apanirun kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní England, nínú 236 ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ìtọ́jú ìlera lábẹ́ NHS, ó kéré tán 80 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Microsoft sì ti fi àtúnṣe ibi tí ó gbà wọlé síta láti oṣù kẹta ọdún yẹn; àwọn kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe náà ni ìyà jẹ. Nínú kọ̀ǹpútà ilé yín ni ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì wà, ibẹ̀ náà ni àwòrán ìwé ìrìnnà àti ìwé ìgbélùú yín wà. Kò yẹ kí ọmọ máa fi irú kọ̀ǹpútà tí kò ní ààbò bẹ́ẹ̀ rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí ẹ ra tuntun, kí ẹ jókòó sínú ewu, tàbí kí ẹ fi ẹ̀mí mìíràn sínú ara àtijọ́. Ọ̀nà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, òun sì ni owó rẹ̀ kéré jù.

LINUX: IṢẸ́ Ọ̀WẸ̀

Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21, kọ ìpìlẹ̀ ètò ìdarí kan, ó sì fi í síta kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Àwọn ẹlòmíràn dá sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bẹ ọ̀wẹ̀ nílé láti ro oko tàbí láti kọ́lé: ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá, ẹnìkejì gbé tirẹ̀ wá, títí ilé fi parí. Orúkọ ètò náà ni Linux. Bí ẹ bá ń rò pé ohun àjèjì ni, fóònù Android tí ó wà ní àpò yín, orí Linux ni ó dúró lé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí àkójọ àwọn tí ó lágbára jù lọ ní àgbáyé ti ń lo Linux.

Ẹ̀yà Linux pọ̀. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ni ó dá èyí tí ń jẹ́ Ubuntu sílẹ̀ ní ọdún 2004; inú èdè Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá, ó sì jẹ mọ́ ìwà ènìyàn sí ọmọnìkejì rẹ̀. Linux Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ni mo rò pé ó yẹ ìdílé tí kò lò ó rí. Bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì, àkójọ ètò rẹ̀ sì jọ ti Windows àtijọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà tí ó wá kí wa láti ilé kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ kejìlélógún jáde ní ọdún 2024, wọ́n sì ṣèlérí àtúnṣe fún un títí di ọdún 2029. A kì í san kọ́bọ̀ kí a tó lò ó.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Èkíní: kí ni ọmọ yín ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé ó ń kọ àròkọ, ó ń ka ìwé, ó ń wo fídíò olùkọ́, ó sì ń wọ ojúlé ilé-ìwé, Linux tó fún un. LibreOffice bá Linux Mint wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Ṣùgbọ́n ìtò ojú-ìwé lè yí díẹ̀, nítorí náà ó dára kí ọmọ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí PDF bí olùkọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Google Docs àti Word ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ti yẹ. Zoom ní ẹ̀dà ti Linux. Àwọn ohun kan wà, síbẹ̀, tí kò ní ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2024 ni ìdánwò SAT ti di ti kọ̀ǹpútà. Ètò Bluebook tí wọ́n fi ń ṣe é kò ní ẹ̀dà ti Linux. Bẹ́ẹ̀ náà ni LockDown Browser tí àwọn yunifásítì kan fi ń ṣọ́ ìdánwò. Eré Fortnite kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ yín yóò sì sọ èyí fún yín kí n tó sọ ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé ní kíkọ sílẹ̀: ètò wo ni ọmọ mi gbọ́dọ̀ ní? Bí ìdánwò kan ṣoṣo ni ó ń béèrè Windows, ilé-ìwé tàbí ilé ìkàwé ìjọba lè ní kọ̀ǹpútà tí ọmọ lè yá lò fún ọjọ́ náà.

Èkejì: ṣé ara kọ̀ǹpútà náà le tó? Linux Mint ní kí RAM rẹ̀ má dín ní 2GB, ṣùgbọ́n 4GB ni yóò jẹ́ kí ìdílé lò ó láìsí ìbínú. Ó ní kí àyè inú dísíìkì má dín ní 20GB. 100GB ni ó tura. Bí agbára rẹ̀ bá kéré, ẹ mú ẹ̀dà tí a ń pè ní Xfce, nítorí pé ó fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé dísíìkì àtijọ́ tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀ ni ohun tí yóò mú un yára jù lọ, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti kọ̀ǹpútà tuntun.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó wà nínú rẹ̀? Èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín jù lọ. Àwòrán ìsọmọlórúkọ, fídíò ìsìnkú bàbá, lẹ́tà agbẹjọ́rò, ìwé owó orí: gbogbo rẹ̀ lè parẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dà wọ́n kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti rí i pé wọ́n ń ṣí. Ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí tán ni iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀.

BÍ A TI Ń ṢE É

Ẹ wá fíláàṣì kan tí ó tó 8GB, tí kò sí ohun pàtàkì kankan nínú rẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò parẹ́. Ẹ lọ sí linuxmint.com, kí ẹ gba fáìlì ètò ìdarí náà sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí 3GB. Ẹ má ṣe gbà á láti ibòmíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2016, àwọn jàǹdùkú wọ ojúlé yìí gan-an, wọ́n sì yí i padà kí ó máa tọ́ka sí fáìlì ayédèrú kan kí àwọn onílé tó lé wọn jáde. Ojúlé náà ń kọ́ni bí a ti ń fi àmì ìdánimọ̀ fáìlì wé èyí tí wọ́n kọ síta. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí.

Kí ẹ kàn da fáìlì náà kọ sínú fíláàṣì kò tó. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ ọ́n. Ètò kékeré bíi balenaEtcher tàbí Rufus, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, ni a fi ń kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tàn án. Bí ó bá ti ń tàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kí ẹ yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lórí Dell àti Lenovo púpọ̀, F12 ni. Lórí HP, Esc tàbí F9 ni. Lórí òmíràn, F2 tàbí Delete ni yóò gbé yín dé ibi ètò náà.

Ibi tí a dé yìí ni ó dùn jù. Linux Mint yóò ṣí láti inú fíláàṣì, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú dísíìkì yín. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ǹjẹ́ Wi-Fi ń wọlé? Ǹjẹ́ ohùn ń jáde? Ǹjẹ́ kámẹ́rà ń ríran? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀wé? Ǹjẹ́ ojúlé ilé-ìwé ọmọ ń ṣí? Yóò lọ́ra díẹ̀, nítorí pé inú fíláàṣì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohun kan bá kọ̀ tí ẹ kò sì rí ọ̀nà tún un ṣe, ẹ yọ fíláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i, Windows yín yóò sì wà bí ó ti wà. Ìdánwò yìí kò ná yín ní nǹkan kan.

Bí ohun gbogbo bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ àwòrán tí ó ní kí ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà. Yóò béèrè èdè, kíbọ́ọ̀dù àti ìlú tí ẹ wà. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì: ṣé kí ó pa gbogbo ohun inú dísíìkì rẹ́, tàbí kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Windows? Kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Windows dára fún ẹni tí ó ṣì ń ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba àyè ni wọn yóò jọ pín, Windows tí kò ní ààbò yóò sì ṣì wà nílé. Fún kọ̀ǹpútà tí ọmọ yóò máa lò, píparẹ́ pátápátá ni mo fara mọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹrù yín jáde. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà kì í tó wákàtí kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí ètò àtúnṣe tí a ń pè ní Update Manager, kí ẹ gba gbogbo àtúnṣe tí ó wà. Kí ẹ sì ṣètò Timeshift, èyí tí yóò lè dá ètò ìdarí padà sí bí ó ti wà bí ohun kan bá dàrú lọ́jọ́ iwájú.

ÈDÈ WA LÓRÍ KÍBỌ́Ọ̀DÙ

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí inú mi dùn sí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù tí ó bá Linux Mint wá, bí ẹ bá wo abẹ́ Nàìjíríà, ẹ ó rí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ígbò. Ẹ lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ máa yí láti ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ tí ó mọ orúkọ ara rẹ̀ ní ẹnu nìkan lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ó lè rí i fúnra rẹ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ ní kí ó kọ lẹ́tà olójú-ìwé kan sí màmá àgbà nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbọ́ èdè wa, tí wọn kì í sì í kọ ọ́, nítorí pé kò sí ibi tí a ti ní kí wọ́n kọ ọ́.

ỌWỌ́ ÒBÍ, ỌWỌ́ ỌMỌ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yín lè yára jù yín lọ nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ ìwé tí kò gbọdọ̀ sọ nù. Ẹ jọ ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ ka ìgbésẹ̀ sókè, kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ tí ó bá tún ohun ìlò ilé ṣe pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ yóò tọ́jú ohun náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ètò ìṣọ́ ọmọ ti Microsoft tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kì í bá yín dé orí Linux. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà, èyí tí a fi ń fi ètò tuntun sí i, wà lọ́wọ́ òbí. Kí ọmọ ní àkáǹtì tirẹ̀ tí kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Ní Britain, àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá ní ààbò ìdílé tí ẹ lè ní kí wọ́n ṣí fún gbogbo ilé. Ní ibòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tiyín. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì wà ní pálọ̀, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí ètò ìṣọ́ kan tí ó dára ju òbí tí ń rìn lọ rìn bọ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ FI RÁNṢẸ́ SÍLÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú ẹrù tí ń lọ sí Èkó. Ohun rere ni bí kọ̀ǹpútà náà bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, pàǹtí ni a ń kó lọ bá àwọn ènìyàn wa. Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó jáde ní ọdún 2024 sọ pé pàǹtí ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ayé dà nù ní ọdún 2022 tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, àti pé ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ péré ni ó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n kó tí wọ́n sì tún lò bí ó ti yẹ. Àwọn ọ̀dọ́ a máa sun wáyà inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín olóró a sì wọ inú wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, Àdéhùn Basel ní kí orílẹ̀-èdè tí yóò gba irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó o wọlé.

Nítorí náà, ẹ fi Linux sí i, ẹ dán an wò, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé abúlé yín. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nu dísíìkì náà pátápátá, nítorí pé fáìlì tí a kàn pa rẹ́ lásán ṣeé hú jáde. Èyí tí ó ti kú ní tòótọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ẹ̀rọ àlòkù.

Ẹ̀yin òbí, owó ilé kì í tó, ẹ̀kọ́ ọmọ kò sì lè dúró. Ẹ ra fíláàṣì kan lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ṣí aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín dán Linux wò láti inú fíláàṣì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́, àròkọ ọmọ yín kò ní dúró de fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Ire o.